Ọ̀rá tí Ìyá ń Fún Ọmọ Inú Rẹ̀ ní Oṣù Mẹ́ta Tó Gbẹ̀yìn Oyún

Bí a bá gbé ọmọ tuntun tí oṣù rẹ̀ pé sórí òṣùwọ̀n, tí ó sì wọn kílógíráàmù 3.5, nǹkan bí ìdajì kílógíráàmù nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ ọ̀rá. A kì í rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bá ń yọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ kún, tí àwọn ìyá àgbà sì ń fọwọ́ pa itan rẹ̀ tí ó ṣẹ́ po léra, ṣùgbọ́n ẹranko tí ọmọ rẹ̀ ń kó ọ̀rá tó báyìí wá sáyé kò wọ́pọ̀. Ní ọdún 1950, Elsie Widdowson, onímọ̀ nípa oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó para pọ̀ di ara ọmọ tuntun nínú oríṣiríṣi ẹ̀dá tí ń fọ́mọ lọ́mú. Nínú ara ọmọ ènìyàn, ọ̀rá tó bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú ara ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, kò ju ìdá kan lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹran ọlọ́ràá, kò rí ọ̀rá kankan tó nǹkan dì fún ọmọ rẹ̀ kí ó tó bí i.

Ìgbà tí ọ̀rá yìí ń wọlé ni ó jẹ mí lógún jù. Ọmọ tí a bá bí ní ọ̀sẹ̀ 28 kì í sábà ju bí kílógíráàmù kan lọ, ọ̀rá ara rẹ̀ kò sì ju bí ìdá mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí awọ rẹ̀ fi ń tàn yòò tí iṣan ẹ̀jẹ̀ fi ń hàn lábẹ́ rẹ̀, tí òtútù sì fi ń tètè mú un, nítorí ọ̀rá aláwọ̀ ilẹ̀ tí ọmọ tuntun ń jó láti fi mú ara rẹ̀ gbóná, èyí tí ó máa ń wà ní ẹ̀yìn ọrùn, láàárín èjìká àti yíká kíndìnrín, kò tíì pọ̀ tó. Láti ìgbà náà lọ ni iṣẹ́ ń yá. Bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá ti ń súnmọ́, ọ̀rá tí ń wọ ara ọmọ a máa tó bí gíráàmù méje lójúmọ́. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí ọ̀rá ṣe ń ti ara ìyá lọ sí ara ọmọ, oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ni a ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́.

Iṣẹ́ mi ni láti máa bá àwọn aláboyún sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá fún ìtọ́jú, ìbéèrè tí mo sì ń gbọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rá ni èyí tí wọ́n máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè lẹ́yìn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá ti parí: «Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé epo tí mò ń jẹ yìí kò ní bo ọmọ lára?» Ohun funfun tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọmọ nígbà tí a bá bí i ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn kan gbà pé epo ọbẹ̀ ni, àwọn mìíràn a sì dá a lé ọkọ lórí. Kò sí ọ̀kan tí ó rí bẹ́ẹ̀. Awọ ọmọ fúnra rẹ̀ ni ó ń sun ún jáde. Omi ni ó kó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ọ̀rá kò sì ju bí ìdá mẹ́wàá lọ. Ó ń dáàbò bo awọ ọmọ nínú omi tí ó wà, ó sì ń bá a gbéjà ko kòkòrò lẹ́yìn tí ó bá jáde, èyí tí ó wà lára ìdí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí a dúró di wákàtí 24 kí a tó wẹ ọmọ. Ẹ má ṣe fi kànìnkànìn bó o.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ní ojúlówó ìbéèrè nínú: ṣé epo tí ìyá jẹ ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ? Ó ń dé ibẹ̀, kì í kàn ṣe bí a ṣe rò.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún títí di bí oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, ara ìyá a máa kó ọ̀rá pamọ́ fún ara rẹ̀, sí ìbàdí, sí itan, sí ẹ̀yìn. Frank Hytten àti Isabella Leitch, tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ oyún ní Aberdeen ní ilẹ̀ Scotland, ṣírò pé obìnrin tí ó ń jẹun kánú a máa kó ju kílógíráàmù mẹ́ta lọ. Nígbà tí oyún bá wọ oṣù keje, gbogbo rẹ̀ a yí padà. Àwọn họ́mónù tí ibi ọmọ ń ṣe a mú kí ínsúlínì, èyí tí ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, má lágbára lára ìyá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ a wà nílẹ̀ fún ọmọ, ọ̀rá tí ìyá ti kó pamọ́ náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Ẹ̀dọ̀ ìyá a gba ọ̀rá yìí, a dì í ní ẹrù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní triglyceride, a sì dá a padà sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí ni ó fà á tí triglyceride inú ẹ̀jẹ̀ aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti ń pé fi máa ń tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye tí ó wà kí ó tó lóyún. Bí ẹni tí kò mọ̀ bá rí irú èsì àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, yóò rò pé àìsàn ọkàn ti dé, bẹ́ẹ̀ ara ń ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ni pé ọ̀rá tí ń tú jáde yìí kì í ṣe ti oúnjẹ àná nìkan. Ọ̀rá tí obìnrin ti jẹ ní oṣù tàbí ọdún ṣáájú wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbà pé oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nìkan ni ó yẹ kí a máa sọ̀rọ̀ ẹja àti òróró fún obìnrin. Ẹni tí ó ń múra àtilóyún ni ó yẹ kí ó ti máa gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká dé ẹnu ibodè wàyí. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ; ibi ọmọ ni ó wà láàárín wọn, triglyceride sì tóbi ju ohun tí ó lè gba ibẹ̀ kọjá lódindi. Ní ojú ibi ọmọ tí ó kọjú sí ẹ̀jẹ̀ ìyá, àwọn ẹ́ńsáìmù kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti tú ẹrù náà, kí wọ́n sì yọ àwọn ásíìdì ọ̀rá inú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni àwọn prótíìnì tí ó wà lára awọ ibi ọmọ a gba àwọn ẹyọ náà wọlé, tí àwọn prótíìnì mìíràn nínú rẹ̀ a sì gbé wọn la inú ibi já títí dé ìhà kejì, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti ń dúró láti gbà wọ́n lọ sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn oníbodè ìlú wa ní ayé àtijọ́ ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn: wọn kì í jẹ́ kí ẹrù wọ̀lú láìtú u wò, wọ́n mọ ohun tí ọba ń fẹ́, wọ́n sì ń gba owó ibodè tiwọn. Ibi ọmọ náà ń gba tirẹ̀, nítorí ó ń jó lára ọ̀rá náà fún agbára, ó sì ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́ sínú ara rẹ̀.

Yíyàn tí ó ń yàn ni ó jẹ́ ìyanu níbẹ̀. Ní ọdún 1976, Michael Crawford àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fi hàn pé ìpín DHA, ìyẹn ásíìdì ọ̀rá ómégà-3 tí ó gùn tí a ń rí nínú ẹja, a máa ga sí i bí a bá ti ń ti ara ìyá bọ̀ wá sí ìwọ́ ọmọ, láti ibẹ̀ sí ẹ̀dọ̀ ọmọ, títí dé inú ọpọlọ rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ nínú òróró ẹ̀pà àti òróró sóyà, linoleic acid, ìpín tirẹ̀ ń dín kù ni lójú ọ̀nà kan náà. Ní Aberdeen, Paul Haggarty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ibi ọmọ lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n ń fi omi tí a pò mọ́ ásíìdì ọ̀rá gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n sì rí i pé DHA ni ó ń kọjá jù lọ ní ìfiwéra sí àwọn yòókù. Ní Munich ní ilẹ̀ Jámánì, ẹgbẹ́ Bertold Koletzko lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Wọ́n fún àwọn aláboyún tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún ní àwọn ásíìdì ọ̀rá tí a fi kábọ́ọ̀nù 13 sàmì sí, èyí tí kò léwu, kí wọ́n gbé e mì ní wákàtí mélòó kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí ọmọ jáde, wọ́n wá àmì náà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, nínú ibi àti nínú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003, DHA ni ibi ọmọ ti kó sínú jù, bí a bá fi wé iye tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí nítorí pé ara alààyè ni wọ́n ti rí i.

Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ David Silver ní Singapore fi hàn pé prótíìnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ MFSD2A ni ó ń gbé DHA wọ inú ọpọlọ. Prótíìnì kan náà wà nínú ibi ọmọ.

Kí ni ọmọ ń fi DHA ṣe? Ọpọlọ àti awọ ẹ̀yìn ojú tí ń gba ìmọ́lẹ̀ ni ó ń kó o sí jù, àwọn méjèèjì sì ni ó ń dàgbà kíákíá ní àsìkò tí a ń sọ yìí. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé ọmọ inú ń kó bí mílígíráàmù 50 sí 70 lójúmọ́ ní oṣù mẹ́ta ìkẹyìn. Ó yẹ kí n tètè fi kún un pé púpọ̀ nínú ọ̀rá lásán tí ó mú kí ọmọ sanra, ọmọ lè fi ṣúgà tí ó gbà lára ìyá ṣe é fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni ọmọ àwọn ìyá tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ga fi máa ń tóbi. Ṣùgbọ́n àwọn ásíìdì ọ̀rá ómégà-3 àti ómégà-6, ọmọ kò lè fi ṣúgà ṣe wọ́n; láti ara ìyá ni ìpìlẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ ti wá, ìyá náà kò sì lè rí wọn níbòmíràn ju inú oúnjẹ lọ. Nítorí náà, ọmọ tí ó tóbi kì í ṣe ẹ̀rí pé DHA rẹ̀ pé. Nínú àtọ̀gbẹ inú oyún gan-an, ọmọ a máa tóbi, síbẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ a máa fi hàn pé DHA rẹ̀ kéré ju ti àwọn ọmọ yòókù lọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìkòkò ọbẹ̀ wa. Epo pupa dára, Fítámì A tí ó wà nínú rẹ̀ wúlò fún aláboyún, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ta kò ó. Ṣùgbọ́n ní ti ómégà-3, kò sí nǹkan kan tó nǹkan nínú epo pupa, kò sì sí nínú òróró ẹ̀pà. Òróró sóyà ní èyí tí ó kúrú, ara obìnrin sì lè fà á gùn di DHA, àní ju bí ara ọkùnrin ṣe lè ṣe é lọ, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Ẹja ni ọ̀nà tí ó yá jù. Nínú gíráàmù 100 ẹja Titus tútù, DHA a máa ju gíráàmù kan lọ. Iye tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ń ní kí aláboyún máa rí jẹ, ó kéré tán, jẹ́ mílígíráàmù 200 lójúmọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìṣirò ọjà yóò rí i pé ègé Titus méjì lọ́sẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọ̀rọ̀ náà. Ṣáwà náà dára, ó sì rọ apò lọ́rùn jù ú lọ. Ti ẹja àrọ̀ inú odò àtọwọ́dá, ohun tí olóko bá fi bọ́ ọ ni yóò sọ iye tí yóò wà nínú rẹ̀. Ìgbín, tí ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ kì í fẹ́ kí aláboyún jẹ kí ọmọ má baà máa da itọ́, kò lọ́ràá tó ohun tí à ń bá ara wa jà lé lórí, nítorí náà n kì í bá wọn jiyàn.

Àwọn tí wọ́n bá lówó a máa bi mí nípa kápúsù òróró ẹja. Kò burú fún ẹni tí kì í jẹ ẹja rárá, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí bí mo bá rí obìnrin tí ó ń fi owó ẹyin àti ẹja inú ilé rẹ̀ ra ìgò kápúsù kan nítorí pé ẹnì kan sọ fún un pé yóò mú kí ọmọ rẹ̀ gbọ́n. Ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀ kò tó ohun tí àwọn tí ń tà á ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀rí náà jẹ́. Ní ọdún 1992, Sjurdur Olsen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Denmark gbé èsì iṣẹ́ kan jáde lórí aláboyún 533, tí wọ́n fún apá kan nínú wọn ní òróró ẹja láti bí ọ̀sẹ̀ 30: oyún àwọn tí wọ́n gba òróró ẹja fi bí ọjọ́ mẹ́rin pẹ́ ju ti àwọn tí wọ́n gba òróró ólífì. Ní ọdún 2018, àjọ Cochrane kó ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé ómégà-3 dín bíbímọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 37 kù láti ìdá 13.4 sí 11.9 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì dín èyí tí ó ṣáájú ọ̀sẹ̀ 34 kù láti 4.6 sí 2.7. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ ńlá kan láti Australia tí ó kan oyún tí ó ju 5,000 lọ kò rí ìyàtọ̀ lórí bíbímọ ṣáájú ọ̀sẹ̀ 34. Òye tèmi ni pé ẹni tí ómégà-3 rẹ̀ kéré ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀, ẹni tí ó ti ní tó kò ní rí nǹkan púpọ̀ kún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ obìnrin pé irú ẹja wo ni ó ń jẹ, ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀, kí n tó dárúkọ oògùn kankan.

Nínú gbogbo ọmọ, àwọn tí a bí kí oṣù wọn tó pé ni àánú wọn ń ṣe mí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà tí ẹrù yẹ kí ó máa wọlé lọ́pọ̀ yanturu gan-an ni a gé ìwọ́ wọn. Wàrà ìyá nìkan ni ó kù tí yóò máa gbé DHA wá, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ kì í sì í sábà tó ohun tí ìwọ́ ìbá ti gbé wá fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ní Australia fún àwọn ọmọ tí a bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 29 ní DHA kún wàrà, mílígíráàmù 60 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n kọ́kọ́ retí pé yóò ràn lọ́wọ́, kò sì ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán ọpọlọ àwọn ọmọ náà wò ní ọmọ ọdún márùn-ún, èsì tí ó jáde ní ọdún 2022 ni pé òṣùwọ̀n làákàyè àwọn tí wọ́n gba DHA fi bí ìwọ̀n 3.5 ga ju ti àwọn yòókù lọ. Dókítà àwọn ọmọdé ni ó ń pinnu irú nǹkan báyìí. Kì í ṣe ohun tí a ń dá ṣe nílé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kàn wá gan-an, àwa ọmọ Yorùbá. Ní Maastricht ní ilẹ̀ Netherlands, Gerard Hornstra àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí i pé DHA ara obìnrin tí ó ti bímọ rí a máa kéré ju ti ẹni tí ó ń lóyún fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ, bí ìbímọ bá sì ti ń pọ̀ sí i ni ó ń lọ sílẹ̀ sí i. Wọ́n tún rí i pé nínú oyún ìbejì àti ìbẹta, ìpín tí ó ń kan ọmọ kọ̀ọ̀kan kéré ju ti ọmọ tí ó dá wà. Ilẹ̀ wa sì ni ilẹ̀ ìbejì. Patrick Nylander, tí ó ṣe ìwádìí ní ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà àti ní Igbó-Ọrà ní àwọn ọdún 1960, kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan bí oyún 45 nínú 1,000 ni ó ń jẹ́ ìbejì, iye tí kò wọ́pọ̀ níbikíbi láyé. Ìyá tí ó bá ń retí Táyé àti Kẹ́hìndé, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé oyún kẹrin tàbí ìkarùn-ún rẹ̀ ni, tí ọmọ tí ó ṣáájú wọn kò sì tíì pé ọdún méjì, òun ni mo máa ń fi ẹja lé lọ́wọ́ kí n tó dojú kọ ẹlòmíràn. Ìbejì sì sábà ń dé kí oṣù tó pé, tí ó fi jẹ́ pé ìnira méjì ni ó ń pàdé lórí wọn.

Ẹrù tí kò dára náà ń gba ibodè kọjá. Ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ fi háídírójìn mú dì, èyí tí ó máa ń wà nínú àwọn bọ́tà àtọwọ́dá kan àti ìpápánu kan, a máa dé inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́. Òfin tí NAFDAC ṣe ní ọdún 2022 sì ti ní kò gbọdọ̀ ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rá inú oúnjẹ lọ. Mẹ́kúrì náà ń kọjá, ìyẹn ni a fi ń sọ pé kí aláboyún yẹra fún ẹja ekurá àti àwọn ẹja ńláńlá inú òkun tí ń jẹ ẹja mìíràn. Titus tí à ń rà nínú yìnyín lọ́jà kò sí lára wọn, ṣáwà kò sì sí lára wọn.

Bí ọmọ bá ti jáde, iṣẹ́ náà kò dáwọ́ dúró, ọmú ni ó gbà á lọ́wọ́ ibi. Apá tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rá wàrà ìyá ń ti inú ohun tí ó ti kó pamọ́ wá, kì í ṣe inú oúnjẹ ọjọ́ náà. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún àwọn ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó tí wọ́n bá wá tọ́jú ọlọ́mọ tuntun pé kí wọ́n má ṣe dá ẹja dúró nígbà tí ìyá ọmọ bá dé láti ilé ìwòsàn, àti pé omi tí wọ́n fi se ẹja náà, nínú ọbẹ̀ ni kí ó wà, nítorí díẹ̀ nínú òróró ẹja ti wọ inú rẹ̀.